Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ilé Tuntun ní Etí Ìlú Àjàṣẹ́

Láti bí oṣù mẹ́ta ni lẹ́tà ti ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí í ṣe kíkúrò ní àárín ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) lọ kọ́lé sí ìhà Adjarra, Missérété, Avrankou tàbí òdìkejì ọ̀sà níhà Sèmè-Podji. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Èmi náà ti ń gbé ìhà Adjarra fún ọdún mọ́kànlá, nítorí náà ohun tí ojú mi rí pọ̀ nínú ìdáhùn yìí.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Agboolé ọkọ mi ní àárín Àjàṣẹ́ ni a ń gbé, nínú yàrá méjì, àwa àti ọmọ mẹ́ta. Kútọnù ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Èmi ń ta aṣọ ní ọjà Ouando. A ti kọ́ yàrá mẹ́ta sí ìhà Missérété, òrùlé sì ti wà lórí rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ kí a kó lọ kí iléèwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ìyá rẹ̀ ń sọ pé òun ni a fẹ́ sá fún. Báwo ni ìgbé ayé ibẹ̀ ṣe rí gan-an? Ṣé n kò ní kábàámọ̀? — Aláṣọ, Àjàṣẹ́

Ìdáhùn: Ẹ kú orí ire, ẹ kú ìnáwó ilé. Ilé á tura.

Ẹ óò gbádùn ibẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àwọn ọmọ yóò rí ilẹ̀ sáré, ẹ kò ní máa dúró de ẹnikẹ́ni kí ẹ tó wọ balùwẹ̀, bí ẹ bá sì ti ilẹ̀kùn yín ní alẹ́, ìjà tọkọtaya yàrá kejì kò ní jí yín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a rà ní owó pọ́ọ́kú ní etí ìlú, a kò tíì san owó rẹ̀ tán lọ́jọ́ tí a gba ìwé rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni a ń san èyí tó kù, lójú ọ̀nà, àti ní àìsí ènìyàn nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọ̀nà ṣáájú. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnù tó nǹkan bíi kìlómítà 30. Ẹni tó ti àárín ìlú jáde, tasí ló kàn, ó di orí afárá. Ẹni tó ń ti Missérété bọ̀ ní láti kọ́kọ́ la oríta Ouando kọjá, níbi tí ọ̀nà Missérété àti ọ̀nà Avrankou ti pàdé, tí ọlọ́jà, tasí àti zẹ́míján, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ti ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti kùtùkùtù. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ la ìlú já, yóò gun afárá, yóò sì san owó ọ̀nà ní Ekpè kí Kútọnù tó yọ sí i. Ọkọ yín yóò máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ á sì ti sùn kí ó tó dé. Mo mọ ọkùnrin kan ní àdúgbò wa tí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń pè ní "bàbá ọjọ́ Àìkú". Gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín, àfi òun nìkan.

Owó tún wà níbẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ kọ iye tí zẹ́míján àti tasí yóò gbà lọ́wọ́ ẹni márùn-ún láàárín oṣù kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi kún un díẹ̀, nítorí owó epo kì í dúró sójú kan. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo, epo fàyàwọ́ Nàìjíríà inú ìgò tí gbogbo wa ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, gbówó lérí láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́kadà wa sì fi kún tiwọn. Lọ́sẹ̀ náà, ará àárín ìlú fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Ẹsẹ̀ kò gbé àwa dé ibì kankan. Ní ti ọjà tiyín ṣá, ìkólọ yìí kò pa á lára, nítorí ọ̀nà tó ti Missérété wọ̀lú, ẹnu Ouando gan-an ló já sí.

Omi àti iná ni kí ẹ wádìí kí ẹ tó di ẹrù. Ilẹ̀ pupa ìhà Missérété dára fún ìpìlẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n kànga ibẹ̀ a máa jìn, nítorí náà bí páìpù omi kò bá tíì dé ojúlé yín, ẹ gbẹ́ kòtò omi òjò kí ẹ sì rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ńtì kí òjò ńlá tó lọ. Iná le ju ìyẹn lọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun, ilé máa ń dé kí òpó iná tó dé, àwọn ènìyàn á wá na wáyà láti ilé ẹni tó ní mítà, wọ́n á gbé e lé orí igi àti ọparun títí yóò fi kan tiwọn. Wáyà wọ̀nyí pọ̀ lójú ọ̀run débi pé òwú aláǹtakùn ni wọ́n ń pè wọ́n. Iye tí onímítà bá dá ni ẹ óò san. Bí ìjì bá wó igi kan, òkùnkùn dé nìyẹn, bí wáyà bá sì já sínú omi òjò, ó lè pa ọmọ. Ọdún méjì ni mo fi lo irú iná bẹ́ẹ̀, omi kò sì di yìnyín nínú fìríìjì mi lọ́jọ́ kan.

Èyí tí n kò rò tẹ́lẹ̀, tí ó sì dùn mí jù, ni ti ènìyàn. Ní agboolé, ọmọ kì í ti iléèwé dé bá ilẹ̀kùn títì. Bí ìbà bá mú un lóru, àwọn ìyàwó ilé á ti gbọ́ igbe rẹ̀, ẹnì kan á ti máa wá ewé, ẹnì kan á ti máa bu omi. Àwọn kan náà ni wọ́n ń tojú bọ ìṣasùn yín, tí wọ́n ń bi yín léèrè ibi tí ẹ ń lọ; mo mọ̀ pé ó ti sú yín. Ní etí ìlú, ògiri ni ẹ óò máa wò. Oṣù kẹjọ tí a dé ibi tí mo wà ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní aago méjì òru. Kò sí zẹ́míján, kò sí ìmọ́lẹ̀, a sì lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, tí àwa kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó da àpò àgbàdo sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó gbé wa lọ. Orúkọ rẹ̀ wà lára orúkọ ọmọ náà lónìí.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ṣe bí èmi bá jẹ́ yín nìyí. Nínú ìsinmi iléèwé, ẹ lọ sùn níbẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo yín, kí ọkọ yín máa ti ibẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ̀yin náà máa ti ibẹ̀ lọ sí Ouando. Ẹ óò mọ̀ dájú ju bí lẹ́tà mi ti lè sọ lọ. Bí ẹ bá kó lọ tán, ẹ má ṣe fi yàrá méjì inú agboolé sílẹ̀ pátápátá. Ẹ dá ọ̀kan dúró, fún ọkọ yín ní alẹ́ tí ọ̀nà bá le, àti fún àwọn ọmọ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ìyá àgbà lè máa rí wọn. Ẹ ya ibùsùn kan sọ́tọ̀ fún un ní Missérété pẹ̀lú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó fojú ara rẹ̀ rí i kí ẹ tó kó ẹrù kankan. Ẹni tó mọ ibi tí òun yóò sùn sí nínú ilé kò lè sọ mọ́ pé wọ́n sá fún òun.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Kútọnù. Mo rí ilẹ̀ kan ní Adjarra tí owó rẹ̀ rọjú. Ẹni tó ń tà á ní convention, ìyẹn ìwé àdéhùn ìtà ilẹ̀, tí wọ́n kọ fún bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó sì ní ìyẹn ti tó. Ṣé òótọ́ ni? — Tíṣà, Kútọnù

Ìdáhùn: Kò tó. Convention fi hàn pé ẹnì kan tà, ẹnì kan rà. Kò fi hàn pé ẹni tó tà ló ni ín. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti jáde, ìyẹn òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2017, titre foncier ni ìwé tó fi ìdí níní ilẹ̀ múlẹ̀, ANDF (Agence Nationale du Domaine et du Foncier) sì ni àjọ ìjọba tó wà fún un. Ẹ mú awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ dání, kí ó wọn ilẹ̀ náà, kí ẹ sì gbé ìwé ìwọ̀n yẹn lọ béèrè lọ́dọ̀ ANDF bóyá ẹlòmíràn ti ní titre foncier lórí rẹ̀, tàbí bóyá ilẹ̀ ìjọba ni.

Bàbá tó kú yẹn, ọmọ mélòó ló fi sáyé? Bí ẹ kò bá rí gbogbo wọn, tàbí ìwé tí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Gàbọ́ǹ ni í sábà dé lọ́jọ́ tí ògiri yín bá ga dé fèrèsé.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti ṣe lotissement, ìyẹn pípín ilẹ̀ àdúgbò sí ojúlé-ojúlé, ní ibẹ̀. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹ mọ̀ dájú pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe é, wọn yóò gé nínú ilẹ̀ oníkálukú láti fi la ọ̀nà, láti fi yọ ibi iléèwé àti ọjà. Ilẹ̀ yín lè kéré sí i, wọ́n sì lè fi yín sí ojúlé mìíràn. Mo ti rí ẹni tó gbin ọsàn sí ibì kan tí ẹlòmíràn ń ká a báyìí.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù. Alágbàtà á mú yín lọ wo ilẹ̀ ní oṣù kìíní, nínú ọyẹ́, tí gbogbo ilẹ̀ ayé gbẹ. Ẹ sọ fún un pé oṣù kẹfà ni ẹ ń bọ̀. Bí kò bá lè dúró dìgbà náà, ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó yí i ká bóyá omi ti fàlà sí i, ẹ wo bóyá àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wọn ga ju bó ti yẹ lọ, ẹ sì wo bóyá kókò ń hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ìyá arúgbó kan tí kò ní ìpín nínú owó náà.

Ìbéèrè: Ọmọ Kétu ni wá, Avrankou ni a ń gbé. Gùn àti Faransé ni àwọn ọmọ wa ń sọ, bí a bá fi Yorùbá pè wọ́n, Faransé ni wọ́n fi ń dáhùn. Ṣé etí ìlú ló gba èdè lọ́wọ́ wọn? — Ọmọ Alákétu

Ìdáhùn: Ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, nítorí àwọn aládùúgbò tí wọ́n bá níbẹ̀ ń sọ Gùn, kò sì sí bí ọmọ yóò ṣe ṣeré láìsọ èdè àwọn tó ń bá ṣeré. Gùn tí wọ́n gbọ́ kì í ṣe àdánù, èrè ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ń fàyè gba Faransé lẹ́nu wọn nígbà tí ẹ bá dá wọn lóhùn. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá yín ní Kétu, kí wọ́n sì bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Ọmọbìnrin mi ń fi Gùn ka owó, ó ń fi Faransé bá mi jiyàn, ó sì ń fi Yorùbá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Oko bàbá wa nítòsí Adjarra ni ẹ̀yin ń pè ní etí ìlú. A ta ilẹ̀, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó rà á mọ ògiri gíga, wọn kì í kí wa, wọ́n dí ọ̀nà tí àwọn ìyàwó wa ń gbà lọ sí kànga, bí Zàngbétọ́, egúngún aṣọ́de àwọn Gùn, bá sì jáde lóru, wọ́n á pe ọlọ́pàá. Kí ni kí a ṣe? — Àgbẹ̀ kan

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má bínú. Àwa àlejò ni a jẹ̀bi.

Ní ti ọ̀nà kànga, ẹ gbé e lọ síwájú olórí àdúgbò kí ẹnì kejì tó tún mọ ògiri tirẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá wà nínú àwòrán lotissement, ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti dí i, ọ́fíìsì mérì sì lè ní kí wọ́n wó ohun tó dí i. Bí kò bá sí nínú àwòrán, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù, ó sì sàn kí a sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì ku búlọ́ọ̀kù nílẹ̀. Ní ti Zàngbétọ́, òun ló ti ń ṣọ́ òru kí ọlọ́pàá tó wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ibòmíràn wá, tí ó gbọ́ ariwo lóru láìsí ìkìlọ̀, ẹ̀rù yóò bà á. Ẹ jẹ́ kí olórí àdúgbò máa fi ọjọ́ ìjáde tó gbogbo ilé létí, ti àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn ògiri náà pẹ̀lú.

Ní ti ìkíni, kò yẹ kí onílé máa bẹ àlejò. Oṣù kẹrin tí mo ti ń gbé inú ilé mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di obì àti ọtí, mo lọ kí bàbá tó ta ilẹ̀ náà fún mi, tí ilé rẹ̀ kò ju ìsọ̀kò kan lọ sí tèmi. Ó gbà á, ó fi ìjókòó lọ̀ mí, ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ìgbà wo ni ẹ dé?"