Àmì Dọ́là Yẹn, Ṣé Kí N Yọ Ọ́ Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, Under-G, kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì jọ kọ sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń báàyàn to fáìlì, a gbé e síta kí ẹni tó bá wù lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n wá ní kí èmi kọ ìwé ìtọ́ni ẹ̀. Mo kọ ọ́, mo dán gbogbo ẹ̀ wò lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi báwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi mẹ́sééjì yọ mí lẹ́nu pé kò ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ní ohun tí kọ̀ǹpútà òun sọ ni “$: command not found”. Ṣé kí n yọ àmì dọ́là yẹn kúrò ni? Mo rí i nínú ìwé àwọn ọ̀gá ló jẹ́ kí n fi í síbẹ̀.
Akẹ́kọ̀ọ́, Under-G

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, yọ ọ́. Ibì kan wà tóo ti máa fi í sílẹ̀, màá débẹ̀.

Lọ́jọ́ kan báyìí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan ní Tákíè, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ fẹ́ fi sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ git sórí láptọ́ọ̀pù oníbàárà, ó kọ́pì ìlà kan lójú ìwé ìtọ́ni, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ terminal, ojú ibi téèyàn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó tẹ Enter:

    $ sudo apt install git

Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ $. Ó tún un ṣe, ìkan náà ni. Ó pa láptọ́ọ̀pù, ó tún un tàn, ìkan náà ni. Ló bá ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa lónìí, ó ti ń wá ẹni tó máa ṣí họ́tísípọ́ọ̀tù fún un. Nẹ́tíwọ̀kì tí ọ̀rọ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá ló ń bú! Mo sún mọ́ ọn, mo pa àmì dọ́là yẹn rẹ́ pẹ̀lú síbéèsì tó tẹ̀ lé e, ó tẹ Enter, kọ̀ǹpútà béèrè páásíwọọ̀dù, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́ o. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ló da ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ pọ̀ mọ́ ohun téèyàn máa tẹ̀. Ṣóo rí $ yẹn, shell, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń gba ọ̀rọ̀ wa nínú terminal, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń gbé e síta láti sọ fún ẹ pé òun ti ṣetán, ó yá, sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ nílẹ̀, Bourne shell tó bá ẹ̀dà keje Unix (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) jáde lọ́dún 1979 ti ń lò ó, $ fún èèyàn bíi tèmi tìẹ, # fún root tó láṣẹ lórí gbogbo ilé, C shell ní tiẹ̀ ń lo %. Bí orúkọ tí wọ́n ń kọ síwájú ọ̀rọ̀ nínú ìwé eré ló rí, “ÀLÀBÍ: Ẹ káàbọ̀ o.” Ẹni tó ń ṣe Àlàbí ò ní dórí ìtàgé kó máa pariwo pé “Àlàbí, ẹ káàbọ̀ o”. Àwa tó ti mọ́ lára la mọ̀ pé ká fò ó, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò mọ̀, òun gan-an lo dẹ̀ ń kọ̀wé fún.

Ti # tiẹ̀ tún burú jù. Nínú bash, shell kan tó wọ́pọ̀, ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn # àlàyé lásán ni, kọ̀ǹpútà ò ní dá a lóhùn, kò dẹ̀ ní bínú. Èèyàn á lẹ̀ ẹ́, á tẹ Enter, ibẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, á rò pé ó ti bọ́ sí i. Ó kéré tán, Mac tó ti ń lo shell míì tó ń jẹ́ zsh látọdún 2019 máa pariwo pé òun ò mọ #. Tí iṣẹ́ bá gba agbára root, kọ sudo síwájú ẹ̀ kó hàn gbangba, má fi # pa á lówe.

Ibi tóo ti máa fi $ sílẹ̀ ni ibi tóo bá ti kó ọ̀rọ̀ àti èsì sójú kan:

    $ git --version
    git version 2.43.0

Tóo bá yọ ọ́ níbí, ẹni tó ń kà á ò ní mọ èwo ni tiẹ̀ nínú ìlà méjèèjì, á lọ tẹ ìkejì náà. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, mo máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni: kọmáǹdì nínú àpótí kan, kí n wá kọ ọ́ pé “ohun tóo máa rí rèé”, kí èsì wà nínú àpótí tiẹ̀. Bí ìlànà ìwé sọ́fítíwíà Kubernetes ṣe ní kí wọ́n ṣe é nìyẹn, kò sí prompt, ìyẹn àmì bíi $ yẹn, kọmáǹdì àti èsì ò gbọdọ̀ sùn sórí ẹní kan. Markdownlint tó máa ń yẹ Markdown, ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ ìwé ìtọ́ni sọ́fítíwíà, wò náà lófin tiẹ̀, MD014 lorúkọ ẹ̀, tóo bá to dọ́là síwájú kọmáǹdì tóo ò dẹ̀ fi èsì kankan hàn, á bá ẹ wí. Lórí GitHub, ojúlé tí wọ́n ń gbé sọ́fítíwíà sí, bọ́tìnnì kọ́pì wà létí àpótí, gbogbo ohun tó bá wà nínú àpótí yẹn ló ń kó lọ, tọwọ́tẹsẹ̀. Tóo bá wá ń fi backtick (`) mẹ́ta ṣí àpótí, kọ sh sí i lára tó bá jẹ́ kọmáǹdì nìkan, kọ console tó bá ní $ àti èsì nínú, kí àwọ̀ tó máa fún wọn lè bá a mu.

Ìlà tó bá gùn, fi \ gé e, kóo dẹ̀ ṣọ́ ẹ̀yìn \ yẹn dáadáa, síbéèsì kan péré tójú ò rí níbẹ̀, kọmáǹdì ẹ ti já sí méjì nìyẹn. Kọ option, àfikún tó ń tẹ̀ lé kọmáǹdì, ní gígùn náà, --recursive dípò -r, èyí tó kúrú yẹn fi í sílẹ̀ fún ìgbà tóo bá dá wà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ẹ ǹlẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òwódè ní Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé. Àbíkẹ́yìn mi fi Linux sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan fún mi. Kí n lè ṣe ẹ̀dà fáìlì, ìwé ní kí n tẹ cp <source> <destination>, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, orúkọ fáìlì mi ni mo fi sáàárín àwọn àmì náà, ó ní syntax error. Kí ni mo ṣe?
Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àlàáfíà, ẹ kú akitiyan. Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Àwọn àmì méjì yẹn, ìwé ń fi wọ́n sọ pé orúkọ tiyín ló máa wà níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ adelé lèmi máa ń pè é, bí adelé ọba tó ń ṣọ́ ààfin títí ọba tuntun á fi jẹ, tọ́ba bá ti wọlé, adelé á kó gbogbo ẹrù ẹ̀ jáde. Ẹ̀yin gbé ọba wọlé, ẹ ò jẹ́ kí ẹrù adelé kúrò ńlẹ̀. Wàhálà ẹ̀ ni pé nínú shell, < àti > níṣẹ́ tiwọn: < ń fa ọ̀rọ̀ látinú fáìlì, > ń da èsì sínú fáìlì, tí fáìlì tó ń jẹ́rú orúkọ yẹn bá sì ti wà tẹ́lẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Syntax error tẹ́ẹ rí yẹn, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Báyìí ni kẹ́ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́:

    cp iwe.txt iwe-keji.txt

Ẹ̀ẹ́ tún pàdé [ ] nínú ìwé man, ìwé ìtọ́ni tó wà nínú Linux fúnra ẹ̀, bíi ls [OPTION]... [FILE]..., ìyẹn ń sọ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ kò pọn dandan, àmì tóótòòtó mẹ́ta yẹn ní ẹ lè to púpọ̀ tẹ̀ léra. Ẹ má tẹ ìyẹn náà o, bàbá.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń kọ irú ìwé yìí lẹ fa wàhálà fún bàbá. Ìlànà Google fáwọn tó ń kọ̀wé fún developer ní kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ adelé, bí ORUKO_FAILI, kí wọ́n wá sọ nísàlẹ̀ ohun tó dúró fún. Kò sí < >, kò sóhun téèyàn á ṣì tẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ ojúlé lẹ nílò, example.com wà ńlẹ̀, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fúnrú ẹ̀ látọdún 1999 nínú ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ RFC 2606, ẹ má lọ fi ojúlé ẹni ẹlẹ́ni ṣàpẹẹrẹ.

Ẹ ti rí i pé mi ò fàmì sórí iwe.txt, kì í ṣe ọ̀lẹ o. Kíbọ́ọ̀dù kan máa ń kọ ọ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, òmíì á kọ o kó tó wá fi tótó sábẹ́ ẹ̀, lójú wa ìkan náà ni, lójú Linux fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti jókòó ti “owó.txt” tó wà níwájú mi gbangba tí terminal ní kò sí níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí n tó mọ̀ pé àmì orí ó ló ń fojú mi gbolẹ̀. Àlàyé ẹ, fàmì sí i dáadáa, àmọ́ ohun tí wọ́n máa tẹ̀ sínú terminal, fi sílẹ̀ lóròòhò.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ kọmáǹdì sínú Word kí n tó fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ kíláàsì mi, ó ń ṣiṣẹ́ fún mi, kì í ṣiṣẹ́ fún wọn.
Tísà kọ̀ǹpútà, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Tísà, Word ló ń bá yín tún ọ̀rọ̀ ṣe láìbẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ àmì àyọlò tó dúró gbọn-in, ó tẹ̀ ẹ́ kọrodo bíi tinú ìwé ìròyìn, shell ò mọ èyí tó tẹ̀ rí. Ẹ tẹ dáàṣì méjì síwájú version, ó lè so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan gígùn. iPhone náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù míì á tún fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ́ wá rí Git dípò git, Linux dẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ó ti ṣe mí rí, mo jókòó sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo fi kọmáǹdì ránṣẹ́ sí ẹnì kan látorí fóònù, gbogbo ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Sudo, ó ní ṣé mò ń fi òun ṣeré ni. Ẹ lo Notepad tàbí ohunkóhun tí kì í tún nǹkan ṣe, kẹ́ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ́pì í látinú ohun tẹ́ẹ máa fi ránṣẹ́ yẹn gan-an, kẹ́ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ terminal tiyín. Ó ń ṣiṣẹ́ fún yín nítorí ẹ̀yin ń tẹ̀ ẹ́ fúnra yín ni, àwọn ọmọ ń kọ́pì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè kúkú ya fọ́tò terminal mi kí n lẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìtọ́ni, ká yé dààmú ara wa?
Ọmọ Ajílété

ÌDÁHÙN: Rárá. Wọn ò lè kọ́pì í, dátà ló ń jẹ, ẹni tójú ẹ̀ ò ríran, tó jẹ́ ẹ̀rọ ló ń kàwé sí i létí, ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀, tí kọmáǹdì bá dẹ̀ yí padà lọ́la wàá tún ya òmíì. Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n máa fi máòsì tẹ̀ lo fẹ́ fi hàn wọ́n, yà á.