Ẹ̀tọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ forúkọ ìbọn yẹn sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ o. Mo rí ìbéèrè yín: ẹ ń kó kúrò ní Texas lọ sí Maryland, ẹ ní ìbọn pélébé kan tí ẹ rà lọ́nà òfin, wọ́n wá ní dandan ni kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní ṣé èyí ò ta ko ẹ̀tọ́ tí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà fún aráàlú láti ní ìbọn, àti pé ṣé ẹ lè kọ̀.

Ẹ má kọ̀ o. Èmi náà ti gbójú gbóyà bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ̀rọ̀ Àtúnṣe Kejì, ìyẹn apá òfin ìpìlẹ̀ tó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn, pé ó ti wà nínú ìwé òfin láti 1791, fún obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì. Ó wò mí títí mo fi parí ọ̀rọ̀ mi, ó wá pe ẹni tó kàn.

Ẹjọ́ tí gbogbo wa fi ń yangàn ni ti Dick Heller ní 2008. Ṣé ẹ mọ ohun tó gbé ọkùnrin yẹn dé kóòtù? Ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ gan-an ni! Ẹ̀ṣọ́ ni ní Washington, ìbọn máa ń wà ní ìbàdí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí wọ́n bá òun forúkọ ọ̀kan sílẹ̀ tí òun á fi sílé, wọ́n kọ̀. Láti 1976 ni ìlú náà ti ní ìbọn tí kò bá ní ìforúkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nílé ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ mọ́ ìbọn pélébé. Ẹ rí ọgbọ́n burúkú! Àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pín sí 5 sí 4, wọ́n ní ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni láti ní ìbọn nílé rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n wá pa ni pé kí ìlú bá Heller forúkọ ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò ní kí wọ́n fa ìwé ìforúkọsílẹ̀ ya.

Heller ò sinmi, ó tún gbé ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí kóòtù. Ní 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Washington sọ pé ìforúkọsílẹ̀ ìbọn pélébé kò ta ko òfin ìpìlẹ̀. Ní 2015, wọ́n wọ́gi lé díẹ̀ lára àwọn ìlànà tó ń dá èèyàn lágara: kí a máa gbé ìbọn wá sí ọ́fíìsì, kí a máa tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, ìdánwò lórí òfin, àti pé ìbọn kan péré lóṣù. Ìtẹ̀ka, fọ́tò àti owó, wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kóòtù ti ní ìforúkọsílẹ̀ ò bófin mu, ẹ ní kó ka ìdájọ́ yẹn fún yín.

Ohun tó wá ń ta mí lára nìyí. Ọdún tí olè fọ́ ilé wa ní Georgia ni mo ra tèmi. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù méje nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, iṣẹ́ gbé mi lọ sí ìpínlẹ̀ kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo dé ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú gbogbo ìwé mi. Lórí gíríìnkáàdì, orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Lórí láísẹ́ńsì ọkọ̀, wọ́n ti gé orúkọ tó gùn jù sí méjì torí pé àyè ò gbà á. Lórí rìsíìtì ìbọn, ẹni tó tà á fún mi ti fi orúkọ àbísọ mi ṣe orúkọ ìdílé. Ọkùnrin tó gba ìwé lọ́wọ́ mi ní èèyàn mẹ́ta ni òun ń wò yìí. Mo ní èmi kan náà ni. Ó ní kí n lọ búra. Mo lọ búra, mo mú ìwé ìbúra dé, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ní àwọn ò ní kí ẹnikẹ́ni búra.

Ó wá kan ìtẹ̀ka. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, ọṣẹ àti oògùn ìfọwọ́ ti ha gbogbo ìlà ọwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ka, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà pé kò ṣeé kà. Ìkẹta gbà. Ni wọ́n bá tún ní ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ mi, tí wọ́n bí lọ́dún kan náà, ti jẹ̀bi ẹ̀sùn ìjà níbòmíràn. Èmi kọ́ o! Ìgbà tí mo wí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn náà mọ̀ pé ó lè má jẹ́ èmi, kí n ṣáà máa dúró.

Kí n máa dúró, ìbọn wá ńkọ́? Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ní kí n jẹ́ kó wà nílé, kò sí wàhálà. Ìkejì lanu, ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi wà nílé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé fún mi, èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n kọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé e fún ṣọ́ọ̀bù ìbọn tó ní ìwé àṣẹ láti bá mi tọ́jú rẹ̀, 40 dọ́là lóṣù, fún oṣù 11. Lóru, tí ìyàwó mi bá gbọ́ ìró lẹ́nu ọ̀nà, á jí mi, àwa méjèèjì á jókòó sínú òkùnkùn. Ẹ̀tọ́ mi ń sùn nínú àpótí ẹlòmíràn, èmi ni mò ń san owó ilé fún un.

Tí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ti ń pàdé ẹ̀tọ́ yín, nínú ìdádúró. Ní 2022, nínú ẹjọ́ Bruen tó wá láti New York, Adájọ́ Thomas ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé ìdájọ́ pé bí wọ́n bá ń jẹ́ kí ìwé àṣẹ pẹ́ jù, tàbí tí owó rẹ̀ ga kọjá àlà, èèyàn ṣì lè tako irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ti àtigbé ìbọn kiri níta ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà mi fi kọ lẹ́tà kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ìwé mi jáde. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó.

Àwọn tó ń pariwo pé ìjọba fẹ́ mọ ẹni tó ní ìbọn: òfin 1986 kọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ láti ní ìwé orúkọ gbogbo oníbọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù 4473, èyí tí èèyàn máa ń kọ tó bá ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ kọ ní Texas wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Ọjọ́ tó bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, wọ́n á kó ìwé náà lọ sí ibi tí ìjọba àpapọ̀ ń kó irú rẹ̀ pamọ́ sí, ní Martinsburg ní West Virginia. Orúkọ yín ti wà níbì kan. Èyí tó tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ẹjọ́ Haynes ní 1968: kóòtù ní ẹni tí òfin ti ní kò gbọdọ̀ ní ìbọn, wọn ò lè jẹ ẹ́ níyà pé kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí pé ó máa fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ni. Wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, ọ̀daràn rí ibi sá sí, èmi tí mo gbé ìbọn mi jáde ní gbangba ni wọ́n ń tẹ̀ níka.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Tó bá jẹ́ gíríìnkáàdì ni ẹ ní, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá, torí ẹ̀sùn ìbọn lè mú kí wọ́n dá yín padà sílé. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó wá kàwé pẹ̀lú físà, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án, àfi tó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tàbí ọ̀kan nínú ìdí díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀. Igbó náà, bí ìpínlẹ̀ yín tilẹ̀ gbà á láàyè, fọ́ọ̀mù yẹn ń béèrè, irọ́ síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni. Tí ẹ bá ń wakọ̀ bọ̀, ẹ yọ ọta kúrò, ẹ ti ìbọn mọ́ inú àpótí, ẹ gbé e sí bùútù. Kì í ṣe inú àpótí iwájú o.

Maryland fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ní 90 ọjọ́. Fọ́ọ̀mù àti owó wọn, ìyẹn ò le, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Ẹ gba orúkọ òṣìṣẹ́ tó bá dá yín lóhùn, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú ímeèlì. Rìsíìtì tí ẹ fi ra ìbọn yẹn ńkọ́, ṣé orúkọ ara rẹ̀ bá ti láísẹ́ńsì yín mu? Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.