Kò sí láísẹ́ǹsì tó ń sọni di kóòṣì àgbà ní NCAA

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Kóòṣì. Àbúrò mi obìnrin gbá fọ́libọ́ọ̀lù fún yunifásítì rẹ̀ títí dé NUGA, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ṣàgámù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì ní Ìkẹjà sọ pé òun máa bá a gba láísẹ́ǹsì NCAA, pé ẹni tó bá ti ní in á di kóòṣì àgbà ẹgbẹ́ obìnrin ní yunifásítì Amẹ́ríkà láàárín oṣù mẹ́fà, físà sì wà nínú rẹ̀. Mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà ló pè é. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ká san án lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí ká san ìdajì, ká wá san èyí tó kù nígbà tí láísẹ́ǹsì bá dé?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ má san ìdajì, ẹ má san owó fọ́ọ̀mù, ẹ má sì fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ọmọ náà ránṣẹ́ sí i.

Lẹ́tà kẹrin rèé tí mo máa gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún yìí. Iye owó ń yàtọ̀, ìlú ń yàtọ̀, nígbà míì wọn a pè é ní sáátífíkéètì, nígbà míì káàdì. Nítorí náà tí ohùn mi bá le, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá jà.

NCAA ni àjọ tó ń ṣe òfin eré ìdárayá fún yunifásítì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń ṣètò ìdíje, wọ́n ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù àti ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́, wọ́n ń fìyà jẹ ilé-ìwé tó bá rú òfin. Wọn kì í fún kóòṣì ní láísẹ́ǹsì. Kò sí fún ará Nàìjíríà, kò sí fún ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí sí Nebraska.

Mo mọ ibi tí irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, láísẹ́ǹsì wà lóòótọ́. CAF ní tirẹ̀, UEFA ní tirẹ̀, ipele-ipele ni wọ́n, ẹni tí kò bá sì ní èyí tí líìgì béèrè, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ńṣì bíi kóòṣì àgbà. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọkùnrin Ìkẹjà yẹn kàn gé e kúrò níbẹ̀, ó wá lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́libọ́ọ̀lù yunifásítì, níbi tí kò ti sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀.

Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń gba kóòṣì síṣẹ́, bó ṣe ń gba akọ̀wé àti olùkọ́. Ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá ilé-ìwé ló máa jókòó ti àwọn CV. Dìgírì ni wọ́n sábà máa ń béèrè, másítà sì máa ń ranni lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló máa wá pe èèyàn mẹ́rin márùn-ún lórí fóònù: ta ni obìnrin yìí? Àwọn eléré wo ló bá yín mú wá? Ṣé àwọn ọmọ yẹn parí ìwé wọn? Nígbà tí ẹgbẹ́ ń pàdánù, báwo ló ṣe ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀? Tí kò bá sí ẹni tó lè gbé fóònù yẹn kó dáhùn nípa àbúrò yín, sáátífíkéètì tí wọ́n fi wúrà kọ kò lè gbé e.

Ìwé kan wà tó jọ ohun tí wọ́n ń tà fún yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kóòṣì Division I, ìpele tó ga jù nínú mẹ́ta tí NCAA pín ilé-ìwé sí, ní láti ṣe ìdánwò lórí òfin wíwá eléré kó tó lè jáde lọ wo ọmọ níta. Ẹni tí ilé-ìwé ti gbà síṣẹ́ tán ni wọ́n ń ṣe é fún. Kò sí bí ẹni tó wà ní Ìkẹjà ṣe lè tà á. Ẹ ti rí i pé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ dé, kí ìwé tó tẹ̀lé e.

Kọ́ọ̀sì wà o, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má kọ́ṣẹ́. FIVB, àjọ fọ́libọ́ọ̀lù àgbáyé, ní kọ́ọ̀sì kóòṣì ní ipele mẹ́ta. National Institute for Sports tó wà ní Sùúrùlérè ń kọ́ kóòṣì. Kí ó lọ sí èyí tí apá yín bá ká, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ìdánrawò àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èjìká ọmọ tó ń gbá sípáìkì lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kó lọ bí ẹni tó ń lọ kọ́ṣẹ́, kó má lọ bí ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

Báwo wá ni àwọn tó débẹ̀ ṣe débẹ̀?

Ẹ wo Russ Rose. Ó kàwé másítà ní Yunifásítì Nebraska, ó ń ṣe igbákejì kóòṣì níbẹ̀ lásìkò kan náà, orí ìṣirò inú eré fọ́libọ́ọ̀lù ló sì gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ lé. Ní 1979, Penn State gbà á ṣe kóòṣì àgbà fọ́libọ́ọ̀lù obìnrin. Ibẹ̀ ló wà títí di 2021: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó borí jẹ́ 1,330, ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè jẹ́ 7. Ọmọ iléèwé tó ń fi bírò ka iye bọ́ọ̀lù tó kọjá nẹ́ẹ̀tì ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Katie Schumacher-Cawley gbá bọ́ọ̀lù fún Rose ní Penn State, ó wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ife ní 1999. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣe igbákejì ní University of Illinois Chicago, ó di kóòṣì àgbà níbẹ̀ láti 2009 títí di 2016, ó tún lọ ṣe kóòṣì àgbà ní Yunifásítì Pennsylvania ní 2017. Ẹ má fi orúkọ ilé-ìwé méjèèjì rọ́pò ara wọn, Pennsylvania ọ̀tọ̀, Penn State ọ̀tọ̀. Ní 2018 ó ṣe ohun tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbọ́: ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ Rose láti lọ ṣe igbákejì. Ọdún mẹ́rin gbáko. Nílé wa wọn á ní wọ́n ti já a sílẹ̀. Nígbà tí Rose fẹ̀yìn tì, òun ni wọ́n fún ní ẹgbẹ́ náà ní 2022. Ní 2024 wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ ọmú lára rẹ̀. Ó ń gba ìtọ́jú kẹ́mò, ó ń wá síbi ìdánrawò, ní Oṣù Kejìlá ọdún yẹn sì ni Penn State na Louisville 3-1 láti gba ife. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin máa jẹ́ kóòṣì àgbà ẹgbẹ́ tó gba ife fọ́libọ́ọ̀lù obìnrin Division I, bẹ́ẹ̀ 1981 ni NCAA ti ń ṣe ìdíje náà. Mary Wise, kóòṣì Florida nígbà náà, tó borí ju ẹgbẹ̀rún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ, ti dé àṣekágbá ní 2003 àti 2017, ó pàdánù méjèèjì.

Obìnrin tí Schumacher-Cawley borí lọ́jọ́ náà, Dani Busboom Kelly, gbá bọ́ọ̀lù ní Nebraska, ó gba ife níbẹ̀ ní 2006, ó padà wá ṣe igbákejì níbẹ̀, ó wà ńbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ti 2015, ó wá lọ sí Louisville ní 2017 bíi kóòṣì àgbà. Nígbà tí John Cook, kóòṣì àgbà Nebraska, fẹ̀yìn tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, òun ni wọ́n pè. Nebraska yìí ni ẹgbẹ́ tí èèyàn 92,003 wá wò ní pápá bọ́ọ̀lù ní Oṣù Kẹjọ 2023. Fọ́libọ́ọ̀lù obìnrin o! Ẹ rí i pé irú àga bẹ́ẹ̀ kì í ṣófo fún àjèjì.

Ẹnìkan á ní, “Ṣebí Foluke Akinradewo ṣe é.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Foluke dàgbà ní Florida, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stanford, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì Tókíò pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn ṣe ń fi orúkọ ìdílé rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n eléré ni, ilẹ̀kùn eléré ló gbà wọlé. Ti kóòṣì kò sí lára ògiri yẹn.

Mo tún fura pé àbúrò yín kò mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ó rò pé fèrè àti bọ́ọ̀lù ni. Nígbà ìdíje, láti Oṣù Kẹjọ dé Oṣù Kejìlá, òfin fàyè gba wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ pẹ̀lú àwọn eléré. Tí ìdíje bá ti parí, ó já sí 8. Ìyókù ayé kóòṣì, wíwá ọmọ ni. Láti Oṣù Kìíní lọ, gbọ̀ngàn ńláńlá tí wọ́n tẹ́ kọ́ọ̀tù ọgọ́ta sí, fèrè ń dún níbi gbogbo, ìwé lọ́wọ́, ọmọ ọdún 15 lójú. O kò sì gbọdọ̀ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ìgbanisílé-ìwé títí di Oṣù Kẹfà ọjọ́ 15, lẹ́yìn tó bá parí ọdún kejì nínú mẹ́rin ilé-ìwé girama wọn. Lọ́jọ́ kan ní Dallas, níbi tí mo ti ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ mi, ìyá kan gbọ́ orúkọ mi, ó sáré wá, “Ọmọ wa ni ẹ́ o! Ọmọ mi ló wọ nọ́ńbà 7 yẹn!” Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ ǹ lẹ́ mà, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ó dájú pé ó ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ní báyìí, eléré lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sí ilé-ìwé mìíràn nígbà tí ìdíje bá parí, nítorí náà kóòṣì ń wá tuntun, ó tún ń bẹ àwọn tó ti ní tẹ́lẹ̀. Láti 2025, àwọn ilé-ìwé tó bá wọ ètò tuntun tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí kò lè ní ju eléré 18 lọ. Tí o bá ṣi èèyàn mú, ó hàn. Tí ó bá hàn lọ́dún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.

Ti físà. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, ohun tí mo bá sì kọ síbí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á, ẹ bá lọ́yà ìwọlé-wọ̀de gidi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé-ìwé tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ló ń bá oníṣẹ́ béèrè H-1B, ìyẹn físà iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń wá iṣẹ́, kì í sì í ṣe àgéǹtì. Yunifásítì kò sí lábẹ́ kèké tí wọ́n ń ṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kẹsàn-án 2025 ìjọba Amẹ́ríkà kéde 100,000 dọ́là lórí ìbéèrè tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ bi ọkùnrin Ìkẹjà yẹn léèrè ilé-ìwé tó máa san ìyẹn fún kóòṣì tí wọn ò rí rí.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni èyí tí mo gbà. Kí ó wá àyè másítà ní ilé-ìwé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì. Wọ́n ń pè é ní graduate assistant: ilé-ìwé á san owó ilé-ìwé rẹ tàbí apá kan nínú rẹ̀, á fún ọ ní owó ráńpẹ́, ìwọ á sì ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́. Físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, fàyè gba wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé nígbà tí kíláàsì ń lọ. Kí ó wo Division II àti àwọn ilé-ìwé NAIA, àjọ mìíràn tó yàtọ̀ sí NCAA, níbi tí òṣìṣẹ́ kò ti pọ̀ tí ọwọ́ sì ń wọ́n wọn. Division III kì í fún eléré ní sikọ́láṣíìpù eré, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba kóòṣì. Yunifásítì ń gbé iṣẹ́ tó bá ṣí sórí ìkànnì ara rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni kíkà á.

Nígbà tèmi, mo fọ jẹ́sì. Mo gbé kámẹ́rà sórí àkàbà lẹ́yìn kọ́ọ̀tù, mo gé fídíò títí di aago méjì òru, mo rọ omi sínú ìgò ní àárọ̀. Ọdún kẹsàn-án mi rèé, igbákejì ni mo ṣì jẹ́. Mo ti béèrè fún ipò kóòṣì àgbà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fún ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ìwé mi pé.

Ohun tí ó lè ṣe láti Ṣàgámù, kó tó sọdá ibikíbi: kí ó ya fídíò níbi tó ti ń kọ́ni, kì í ṣe ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ṣe àṣìṣe. Kí ó máa ka sáàfù, kí ó ka sípáìkì tó wọlé àti èyí tó jáde, sínú ìwé àkọsílẹ̀ ni o, lóṣù mẹ́fà, títí tí yóò fi lè sọ fún mi ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàdánù póìǹtì láìwo bọ́ọ̀lù. Kí ó wá fi èyí kún lẹ́tà sí kóòṣì àgbà ogójì, kí ó sì retí èsì méjì.

Ohun kan ló kù. Gbogbo lẹ́tà yìí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ kọ ọ́. Òun ńkọ́? Iṣẹ́ tó ń wá yìí, àárọ̀ dé alẹ́ ni obìnrin fi ń pe àjèjì lórí fóònù. Lẹ́tà tó kàn, kí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì so fídíò mọ́ ọn.