Òòbẹ̀ Gba Òkè Sílìn Wa

Bàbá Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́. Òòbẹ̀ ti gba òkè sílìn wa ní Mọ́kọ́lá, òórùn wọn ò jẹ́ ká gbádùn pálọ̀. Ọkọ mi fẹ́ fi òtápíápíá pa wọ́n, mo kọ̀. Kí la ó ṣe?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀. Mo dán an wò nílé ara mi rí. Wọ́n kú sókè àjà, ọ̀sẹ̀ méjì la fi sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tiyín kì í ṣe àdán ńlá tó ń so rọ̀ lórí igi ní Yunifásítì Ifẹ̀. Kòkòrò ni òòbẹ̀ ń jẹ.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ gbé àga síta, kí ẹ wo etí òrùlé. Ibi tí wọ́n ń gbà jáde á ti dúdú, á máa dán bí ìdí ìkòkò. Ihò tó gba àtàǹpàkò ti tó wọn. Ẹ dí ihò yòókù, kí ẹ wá kan nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bo èyí: ẹ kan òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ìsàlẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Wọn á rá gba abẹ́ rẹ̀ jáde, wọn ò ní mọ ọ̀nà padà. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí i. Àmọ́ bí ọmọ wọn bá wà níbẹ̀ tí kò tíì lè fò, ẹ dúró ná kí ẹ tó kan nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wọ́n omi sí ìgbẹ́ wọn kí ẹ tó gbá a, kí ẹ bo imú. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ kíá, nítorí àrùn dìgbòlugi.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Kí wọ́n gbé òtápíápíá yẹn kúrò nílé.