Ṣé ògiri kọnkéré lè gba ilé mi lọ́wọ́ òkun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Òkè-Àdó n'Ìbàdàn níbí ni mò ń gbé. Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa létí òkun, lápá Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Mo fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, àmọ́ omi ti ń jẹ ilẹ̀ náà. Bíríkìlà mi ní kí n mọ ògiri kọnkéré gàgàrà síwájú. Ṣé ó máa gbà mí?

Ìdáhùn: Ẹ ǹlẹ́ o. Ògiri yẹn nìkan kò lè gbà yín. Bí ìgbì bá kọlu ògiri tó dúró ṣánṣán, ìdí ògiri ló ń wà, títí ògiri á fi wó. Mi ò bá bíríkìlà yín wí. Ilẹ̀ pupa Ìbàdàn ló mọ̀, ó sì le. Iyanrìn òkun ń rìn ní tiẹ̀: létíkun Èkó, ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì ti ń kó o lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fi òkúta ṣe apá sẹ́nu èbúté Èkó, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, iyanrìn gbá jọ sí ìwọ̀-oòrùn, Bar Beach tó wà lódì kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹni tó bá dí iyanrìn lọ́nà, aládùúgbò rẹ̀ ló ń kó bá.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ sún ilé sẹ́yìn. Ẹ bi àwọn àgbà apẹja ibẹ̀ léèrè ibi tí omi wà ní 20 ọdún sẹ́yìn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Bí òkun bá ń jẹ 2 mítà lọ́dún, ilé tó jìn sí i ní 40 mítà kò ní ju 20 ọdún lọ. Omi òkun fúnra rẹ̀ sì ń ga sí i káàkiri ayé, ó ti fi bí 20 sẹ̀ǹtímítà ga ju ti 1900 lọ. Àwa tí a rí ìkún omi odò Ògùnpa n'Ìbàdàn ní 1980 mọ ohun tí omi ń fi ilé ṣe, ṣùgbọ́n Ògùnpa kún, ó sì fà. Òkun kì í fà lọ pátápátá.

Ẹ gbé ilé náà sórí òpó tó wọlẹ̀ jìn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo bí ti àwọn ará Ìlàjẹ, kí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má fi omi òkun tàbí iyanrìn etíkun po kọnkéré. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń mú kí irin dípẹtà. Kí kọnkéré tó bo irin nípọn tó 50 mìlímítà, ó kéré tán. Ẹ má gé koríko àti àgbọn tó di iyanrìn mú, ẹ má sì jẹ́ kí onítípà wa ẹyọ iyanrìn kan níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ náà kò bá gùn tó láti sún ilé sẹ́yìn, ẹ dákun, ẹ má da owó sí i. Ẹ fi pákó ṣe ibi ìgbafẹ́ tí ẹ lè tú kó lọ, kí ẹ sì wá ilẹ̀ míì kọ́lé yín sí.