Ẹ má tíì kọ ìwé kankan, fláàṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí ìbéèrè yín: ọ̀gá ẹ̀ka yín ní kí ẹ dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ open science (ìwádìí tí dátà, kóòdù àti àbájáde rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn) sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe mástàs àti PhD, ẹ wá ń béèrè iye oṣù tó yẹ kí ẹ fi kọ ìwé rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́. Èmi kọ ọ́ rí. Oṣù márùn-ún ni mo fi jókòó tì í, PDF ojú-ìwé 90. Kí ọdún tó yípo, àwòrán inú ìwé mi kò jọ ohun tí àwọn ọmọ ń rí lójú kọ̀ǹpútà mọ́, kò sì sẹ́lòmíì tó lè tún un ṣe, torí èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ. Èmi tí mo ń wàásù open science! Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi.

Àwọn kan ti ń kọ́ àwọn olùṣèwádìí ní kóòdù àti ìtọ́jú dátà tipẹ́. Software Carpentry bẹ̀rẹ̀ ní 1998, Data Carpentry dé ní 2014, wọ́n sì di The Carpentries ní 2018. Ẹ̀kọ́ wọn wà lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, pẹ̀lú àṣẹ CC BY: ẹ lè yí i padà, ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹ ṣáà ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Dátà inú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ̀kọ́ wọn lórí ẹ̀kọ́ àyíká, eku aṣálẹ̀ Arizona ló dá lé. Ọmọ tó ń ṣèwádìí ẹ̀gẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́, kí ló kàn án nínú eku Arizona?

Àkọsílẹ̀ òjò tí àwa fúnra wa wọ̀n lóko ni mo fi rọ́pò eku, ibẹ̀ ni àṣírí mi sì ti tú. Ọmọ kan nawọ́: "Sà, kí ló dé tí déètì kan fara ti ọ̀tún nínú Excel, tí òmíràn fara ti òsì?" Mo wò ó, àyà mi já. Ọjọ́ 4 oṣù kẹta la kọ ní 04/03. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà kà á sí ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Nígbà tó dé 25/03, kò rí oṣù 25, ló bá fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, òun ló fara ti òsì. Òjò oṣù kẹta mi ti ń rọ̀ nínú oṣù kẹrin látọjọ́ pípẹ́, mo sì ti fi ya gíráàfù fún èèyàn. Látìgbà náà, ọdún, oṣù, ọjọ́ la ń kọ: 2019-03-04. (Kì í ṣe àwa nìkan o. Excel sọ orúkọ jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) kan, MARCH1, di déètì títí ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì èèyàn lórúkọ fi yí i sí MARCHF1 ní 2020.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fláàṣì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi àkọ́kọ́, èèyàn 30 ló wá. Mo ní kí wọ́n dáńlóòdù R (èdè kóòdù tí a fi ń ṣe ìtúpalẹ̀ dátà) àti RStudio (ojú-iṣẹ́ tí a ti ń kọ R) níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ju 200 MB lọ. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 30, kí ẹ gbé e lé Wi-Fi kan ṣoṣo lórí. Nígbà tó fi máa di agogo 12, èèyàn mẹ́rin ló rí i gbà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, NEPA mú iná. A jẹ míìtì-páì, a ṣàdúrà ìparí, a pín sátífíkéètì. Báyìí, fláàṣì mẹ́fà ló máa ń lọ káàkiri láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú gbogbo páákéèjì (àfikún R) tí a máa lò. tidyverse, ọ̀kan nínú wọn, kì í dá wá, ó máa ń kó páákéèjì ìbátan dání; ẹ kó gbogbo wọn sí i. Kí ẹ sì scan fláàṣì náà, fáírọ́ọ̀sì kò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ má fi slide kọ́ wọn. Ẹ tẹ kóòdù níwájú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i nígbà tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé aláwọ̀ ewé àti pupa, ọwọ́ àwọn Carpentries ni mo ti kọ́ ọ: ẹni tó bá há, á lẹ pupa mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Nílé wa níbí, ta ló fẹ́ nawọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀ pé kò yé òun? Àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló kọ́kọ́ lẹ pupa lọ́dọ̀ tiwa, kò sì pẹ́ tí pupa fi kún gbọ̀ngàn.

UNESCO fọwọ́ sí ìmọ̀ràn lórí open science ní 2021, ó dáa, ìṣẹ́jú márùn-ún tó o. Àkókò yòókù, kí wọ́n fi gbé dátà ara wọn sórí Zenodo, ìkànnì tí a ń kó dátà ìwádìí sí; ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fúnni ní DOI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà. Ṣùgbọ́n orí Zenodo Sandbox, ibi ìdánrawò rẹ̀, ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ dánra wò. Ọmọ kan lọ́dọ̀ wa gbé ìdáhùn àwọn àgbẹ̀ sókè tòun ti nọ́ńbà fóònù wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Sandbox ni.

Èèyàn mélòó lẹ ń retí? Windows ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn àbí Mac? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá sọ bí mo ṣe ń to fódà inú fláàṣì.