Ṣé mo lè tọrọ ọmọ níbi sàréè Bílíkísù Ṣùngbọ́?

Ìbéèrè: Àlùfáà wa, as-salaamu alaykum. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wà nílé ọkọ, n kò sì tíì bímọ. Màmá ọkọ mi ti lọ síbi sàréè Bílíkísù Ṣùngbọ́, obìnrin olókìkí ayé àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Òkè-Eri, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀ pé bí mo bá bímọ, màá mú àgbò kan lọ. Nígbà tí mo ń ṣiyèméjì, wọ́n ní ṣebí Màríyámọ̀ bímọ láìmọ ọkùnrin, pé kò sí ohun tí ẹni Ọlọ́hun kò lè ṣe. Ṣé kí n tẹ̀lé wọn lọ?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaamu. Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere dá yín lọ́lá. Arábìnrin wa, kò tọ́ kí ẹ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nínú sàréè, yálà ní Òkè-Eri tàbí níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ó dára tí màmá dárúkọ Màríyámọ̀, nítorí inú ìtàn rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn yín wà.

Nígbà tí Jíbúrílù mú ìròyìn ọmọ wá, Màríyámọ̀ béèrè bí òun yóò ṣe bímọ nígbà tí ọkùnrin kankan kò fọwọ́ kan òun, èsì tí ó sì gbà ni pé Olúwa rẹ̀ ní: Ó rọrùn fún Mi. Nígbà tí ìrọbí mú un dé ìdí igi dàbínù, ohun tí ó sọ ni pé ìbá sàn kí òun ti kú ṣáájú èyí. Ẹni tí agbára ìbí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà, Ànábì Ísá, kò tíì kúrò lórí ìtẹ́ ìkókó tí ó fi sọ pé ẹrú Ọlọ́hun ni òun. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní Zeus, òrìṣà wọn, ni ó bí Heracles fún obìnrin kan, wọ́n sì ń bọ Heracles náà. Ṣùgbọ́n Súrà Al-Ímúrána fi Ànábì Ísá wé Ànábì Ádámọ̀, ẹni tí kò ní bàbá tí kò sì ní ìyá, tí ẹnikẹ́ni kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sìn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà ni ẹsẹ 37 àti 38 nínú Súrà yẹn kan náà. Ànábì Sakariyáù ni alágbàtọ́ Màríyámọ̀, gbogbo ìgbà tí ó bá sì wọlé tọ̀ ọ́ níbi ìjọ́sìn rẹ̀ ni ó ń bá oúnjẹ níwájú rẹ̀, tí Màríyámọ̀ sì ń sọ fún un pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ó ti wá. Àgbàlagbà tí kò bímọ ni Sakariyáù, iṣẹ́ ìyanu sì wà lójú rẹ̀ kedere. Kùránì wí pé níbẹ̀ gan-an ni ó ti ké pe Olúwa rẹ̀. Kò ní kí Màríyámọ̀ fún òun lọ́mọ, bẹ́ẹ̀ alààyè ni Màríyámọ̀ nígbà náà, ó ń gbọ́, ó ń sọ̀rọ̀. Bí a kò bá tọrọ lọ́wọ́ alààyè tí ó wà níwájú ẹni, kí ni a óò tọrọ lọ́wọ́ òkú?

Ní ti Bílíkísù, ìtàn àwọn àgbà wa fúnra wọn sọ pé opó olówó ni, pé kò bímọ, àti pé kí orúkọ rẹ̀ má bàa parun ni ó ṣe ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà Eredo, tí ó tó 160 kìlómítà. N kò mọ bí ẹni tí òun gan-an wá ọmọ tì yóò ṣe pín ọmọ fúnni. Àwọn kan ní òun ni ọbabìnrin Sábà, ṣùgbọ́n Kùránì kò dárúkọ ọbabìnrin náà, kò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ayé Ànábì Sùlémánù, tí ọbabìnrin náà lọ bá, sì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń ka yàrà náà sí nǹkan bí 1,000 ọdún. A lè ṣèbẹ̀wò sí sàréè láti rántí ikú àti láti tọrọ àforíjìn fún òkú Mùsùlùmí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀jẹ́ náà kò dè yín, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ́jẹ̀ẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Màmá náà kò gbọdọ̀ san án, nítorí Ànábì wa wí pé ẹni tí ó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ṣẹ Ọlọ́hun kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ Ẹ́. Àwọn onímímọ̀ kan ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ san ìtanràn ìbúra, èyí tí í ṣe bíbọ́ aláìní mẹ́wàá, mo sì fara mọ́ ọn.

Ẹ máa tọrọ àforíjìn púpọ̀, nítorí Ànábì Núhù so ó pọ̀ mọ́ ọmọ nínú Súrà rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe àdúà Sakariyáù pé kí Olúwa má ṣe fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ọkọ yín sì bá yín lọ fún àyẹ̀wò. Obìnrin nìkan ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ nígbà tí Sakariyáù ń ro ẹjọ́ rẹ̀ nínú Súrà Al-Ímúrána, ogbó ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ kí ó tó kan ìyàwó rẹ̀.

Kí ọkọ yín fi sùúrù bá màmá sọ ọ́, nítorí ìfẹ́ yín ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Bí Ọlọ́hun bá ti dáhùn, àgbò tí wọ́n ní lọ́kàn yóò wúlò ní ọjọ́ keje fún àkíkà, ìyẹn ẹran tí a ń pa fún ọmọ tuntun, kan fún ọmọbìnrin, méjì fún ọmọkùnrin, orúkọ Ọlọ́hun nìkan ni a óò sì pè lé e lórí.